Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Ló Fi Jáde

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje 1991. Ìkìrun.

Lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Oyèwálé dé láti Ìbàdàn lónìí, olóòtú ilé ìtẹ̀wé tí mo fi ìtàn mi ránṣẹ́ sí láti oṣù kejì. Ojú ìwé méjì gbáko. Ó ní ìtàn náà dùn, ó ní èdè mi jinlẹ̀. Ó ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ bí mo bá lè ṣe àtúnṣe kan ṣoṣo, kí n sì fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí.

Àtúnṣe wo? Kí n kọ ọ́ pé oògùn ni wọ́n fi mú Ọmọ́dára, obìnrin inú ìtàn náà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Òǹkàwé kò ní lè fẹ́ràn obìnrin tó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀, tó bá ọkùnrin mìíràn lọ, tó tún wá fẹ́ padà sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà fi áńkáṣíìfù nù ún lójú ni, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa á lè bá a yọ̀ nígbà tí Bọ́ládélé ọkọ rẹ̀ bá gbà á padà."

Áńkáṣíìfù! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Níbo ni ọkùnrin yìí ti gbọ́ ìtàn tí ìyá mi ń sọ kiri?

Mi ò ní í kọ ọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi jáde.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje.

Òjò láti àárọ̀. Màmá rí lẹ́tà náà lórí tábìlì, wọ́n fi awò ojú wọn sí i, wọ́n kà á tán.

"Ọkùnrin yìí lọ́gbọ́n," ni wọ́n wí. "Ṣe ohun tó ní kó o ṣe, Jọláyẹmí."

"Màmá, ìwé ni. Èmi kọ́ ni Ọmọ́dára."

"Mo mọ ẹni tó jẹ́."

Ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti ti Kàdúná dé. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń sọ ọ́ kiri Ìkìrun pé òṣìṣẹ́ rélùwéè tí mo bá lọ fi áńkáṣíìfù nù mí lójú ní ibùdó rélùwéè, pé fún ọdún mẹ́ta mi ò mọ ara mi mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ẹbí Adéjàre ọkọ mi ní Ìnísà. Wọ́n sọ ọ́ fún Dùnsìn, ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Èmi náà dákẹ́, nítorí ó rọrùn láti dákẹ́. Àwọn èèyàn ń kí mi kú ewu. Wọ́n gbà mí padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan.

Adéjàre kò nà mí rí, kò sì febi pa mí. Mo kàn fẹ́ lọ ni. Nígbà tí ibi tí mo lọ sú mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé Màmá. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, mi ò sì tíì fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn Ọmọ́dára ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù lọ wá atẹ̀wé. Mi ò fẹ́ kí atẹ̀wé Ìkìrun rí i, kí wọ́n wá máa sọ ọ́ nínú ọjà. Nígbà tí a ń gba Ìnísà kọjá, apá òsì ni mo ń wò, nítorí apá ọ̀tún ni ilé Adéjàre wà. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wo apá òsì.

Hameedat ni wọ́n júwe fún mi, ìṣọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń fò lórí ẹ̀rọ bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Ó ṣí ìwé mi wò.

"Àǹtí, lẹ́tà ọwọ́ yín dára. Ìtàn ìfẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó parí sí rere?"

"Tẹ̀ ẹ́ ná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Keje.

Mo dé Òkukù, mo bá Hameedat tó fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀. Orí kẹrin ló dé tó fi dúró.

"Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú, Àǹtí. Inú ń bí mi."

"Sí ta ni?"

"Sí Ọmọ́dára yín náà ni! Ọmọ ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ń wé gèlè níwájú dígí! Wàláì, tí mo bá rí i, màá já gèlè náà kúrò lórí ẹ̀."

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ní, "Ó dáa. Kó o fún mi, kí n gbé e lọ fún ẹlòmíràn."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìwé náà mọ́lẹ̀. "Ta ní kẹ́ ẹ gbé e? Kí ló ṣe lẹ́yìn ìyẹn?"

Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èrò ń wò mí bí mo ṣe ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kẹjọ.

Kọ́ńgò gaàrí ti di náírà mẹ́fà. Òjò ti wọ inú ilé ìdáná. Mi ò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ.

Mo bá obìnrin mẹ́rin ní ìṣọ̀ Hameedat. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, tòun ti aṣọ tó ń ṣẹ́ létí lọ́wọ́. Ẹ̀dà kejì, èyí tí bébà kábọ́ọ̀nù dúdú máa ń fi sílẹ̀, ni wọ́n ń kà, ọ̀kan ń fún èkejì ní ojú ìwé. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, Hameedat náà kò sì sọ.

"Kó má gbà á padà," ni aránṣọ ń wí. "Olè inú ìfẹ́ ni."

"Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan rí?" ni ìkejì bi í. "Èmi, lọ́dún tí mo lóyún àkọ́bí mi, mo di ẹrù mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ tí kò tètè dé ló jẹ́ kí n wà níbẹ̀ títí dòní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé olúkúlùkù wọn ń wo ohun kan nínú ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ ohun tí olóòtú ní kí n ṣe fún Hameedat. Ó ní irú ẹ̀ kọ́ lòun fẹ́ kà. "Tó bá jẹ́ oògùn, kí ló wá kù tí a ń ṣàánú? Ẹni tí kò ṣubú, báwo la ó ṣe yọ̀ fún un pé ó dìde? Èmi pàápàá kúrò nílé ọkọ mi fún oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó nu nǹkan kan mọ́ mi lójú. Orí mi ló gbóná." Ó ti bébà sínú ẹ̀rọ. "Ṣùgbọ́n Àǹtí, kẹ́ ẹ má bínú o. Ọkọ Ọmọ́dára yìí kò dùn."

"Kò dùn báwo?"

"Ó ti dára jù. Kò bínú, kò ṣìwà hù, ó ń gbàdúrà lójoojúmọ́ fún obìnrin tó já a sílẹ̀. Ó dà bí àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Ta ló fẹ́ padà sọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó máa máa wo èèyàn bí adájọ́ títí ayé."

Mo sọ fún un pé kó tẹ ohun tí mo kọ. Mo sọ ọ́ tagbára-tagbára. Títí mo fi dé Ìkìrun ni ọ̀rọ̀ náà ń ta mí bí ẹ̀gún inú bàtà.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹjọ.

Láná ni wọ́n kéde ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Gbogbo Ìkìrun jáde síta, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi ewé jó lójú títì. Àárín ariwo yìí ni Dùnsìn ti Ìnísà dé. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde, ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń retí èsì. Mo rò pé ó wá bá wa yọ̀ ni.

Mo jáde lọ ra epo pupa. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó lórí àga mi, orí kẹrin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yìí, ta ni?"

Mo gbé epo náà kalẹ̀.

"Grandma sọ fún mi pé oògùn ni. Ní ilé ìwé, tí wọ́n bá fi yín bú mi, mo máa ń jà. Màá ní oògùn ni wọ́n fún ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ṣé oògùn ni, àbí oògùn kọ́?"

Màmá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n ń mi orí sí mi, wọ́n ń fi ojú bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ kí ohun gbogbo padà bọ̀ sípò.

"Oògùn kọ́," ni mo wí. "Èmi ni mo lọ. Mo rí ẹ tó ò ń sunkún, mo sì lọ."

Kò pariwo. Ó to bébà náà jọ dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó bọ́ sínú èrò tó ń jó lójú títì. Mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò rí i mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Oṣù Kẹjọ.

Màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Lónìí, wọ́n sọ gbólóhùn kan: "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bo ìhòòhò rẹ. O fi ọjọ́ kan ya aṣọ náà."

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ti ń há mi lọ́rùn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án.

Mo sọ̀ ní Ìnísà.

Adéjàre wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yín àgbàdo sínú igbá. Ó ti di ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àwọn kan ní ìfẹ́ mi ni, àwọn kan ní agídí ni.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìyá Dùnsìn. Jókòó." Ó ń yín àgbàdo lọ. "Ọmọ náà wà ní Eko Ende, lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó ní òun ò tíì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ohun tó o wí fún mi."

Mo ní mo fẹ́ kó ka ibi tí mo ti kọ nípa ọkọ Ọmọ́dára. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba bébà. Ó kà á láìyára. Nígbà tó parí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́. Ọkùnrin yìí ń gbàdúrà fún ìyàwó rẹ̀. Èmi ń ṣépè ni." Ó gbé bébà náà sílẹ̀. "O kọ lẹ́tà sí mi láti Kàdúná."

"Mẹ́sàn-án. Ẹ ò fèsì ọ̀kan."

"Mẹ́sàn-án náà ló dé. Mi ò ṣí ọ̀kan. Ọmọ máa ń bi mí pé ṣé ìyá òun kọ̀wé. Màá ní rárá. Ó tó ọdún méjì tó fi ń bi mí, kó tó jáwọ́."

Mo dìde. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n da igbá àgbàdo náà nù lé e lórí. Inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo ti ya àwòrán fún Dùnsìn, ẹyẹ kan, ilé kan, mọ́tò kan.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi rò pé mo gbàgbé òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kó lè jẹ́ tèmi nìkan." Kò gbójú sókè. "Kò sí ẹni tó fi áńkáṣíìfù nu èmi náà lójú."

Mo tún jókòó. Adìyẹ wá ń ṣa àgbàdo tó já sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e.

Ó wá ní, "Tó o bá máa kọ tìrẹ, kọ tèmi náà. Má fi mí ṣe ẹni mímọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún Dùnsìn. Kó má jẹ́ inú ìwé mi ni yóò ti kà á."

"Màá sọ fún un."

Mi ò tíì dárí jì í bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàlá, àánú ọkùnrin náà ṣe mí, mi ò sì bẹ̀rù rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án.

Mo fa Bọ́ládélé àtijọ́, ọkọ Ọmọ́dára, ya. Orí mẹ́ta ni mo tún kọ. Bọ́ládélé tuntun ń fi lẹ́tà pamọ́, ó ń parọ́ fún ọmọ, ó ń bínú. Mo sì wá fẹ́ràn rẹ̀! Nígbà tí Ọmọ́dára dé ẹnu ọ̀nà, tí àwọn méjèèjì dúró tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní òkúta tó lè sọ lu èkejì, mi ò gbé báírò sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Tẹ́lẹ̀, ó kàn dárí jì í ni. Nísinsìnyí, wọ́n ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹsàn-án.

Hameedat ka orí kẹsàn-án tuntun tán, ó dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó yí ìṣọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. "Ẹlẹ́ṣẹ̀ làwọn méjèèjì," ó wí. "Ọlọ́run máà jẹ́ kí wọ́n tú ká."

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹsàn-án. Ìbàdàn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Oyèwálé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Ó ka àwọn orí tuntun níwájú mi. Ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Madam, mo ní kẹ́ ẹ fọ obìnrin yìí mọ́. Ẹ wá lọ da ẹrẹ̀ lé ọkùnrin náà lórí. Ta la wá fẹ́ fẹ́ràn nínú ìwé yìí?"

"Àwọn méjèèjì."

"Àwọn ọ̀dọ́ ló máa kà á. Wọ́n nílò àwòkọ́ṣe."

"Ẹni tí kò ṣẹ̀ rí kò lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń padà wálé, sà. Kò mọ ọ̀nà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ fi oògùn díẹ̀ sí i. Gbólóhùn kan péré. Màá buwọ́ lù ú lónìí."

Mo wo báírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń fẹ́ rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé.

"Sà, bí wọ́n bá gbà mí nítorí wọ́n ní mi ò jẹ̀bi, irọ́ ni wọ́n gbà, wọn ò tíì gba èmi. Ẹni tó mọ gbogbo ohun tí mo ṣe, tó mọ ibi tó ti dùn ún, tó sì tún ní kí n jókòó, òun ló gbà mí. Ohun tí ìwé yìí ń sọ nìyẹn. Bí mo bá fi oògùn sí i, kò sọ nǹkan kan mọ́."

Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo kó bébà mi, mo dúpẹ́ omi. Mi ò sunkún àfi ìgbà tí mo dé Ìwó Róòdù, ìyẹn náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá.

Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, a ó tẹ̀ ẹ́ ní Òkukù. Hameedat ti ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ gé sítẹ́ńsíìlì, bébà onída tí wọ́n fi ń ṣe àdàkọ, láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ àdàkọ tí a fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò la fi ń yí i, ọwọ́ wa dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀dà ọgọ́ta. Aránṣọ ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ rán ẹ̀yìn wọn, ó ní òun ṣì ń bínú sí Ọmọ́dára, ṣùgbọ́n kí a fi méjì pamọ́ fún òun.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ẹ̀dà ti lọ. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní ìwé mi ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní ìsáǹsá. Mo ní, "Ìpadàbọ̀ ni mo kọ, Mà. Ìsáǹsá kò gbà ju orí méjì lọ." Mo gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Màmá ni!

Wọ́n ti kà á. Wọn ò sọ fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá.

Dùnsìn dé. Ó gbé páálí kékeré kan dání. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ṣí. Bàbá rẹ̀ kó o fún un, ó sì dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi kà á tán.

"Mo bínú sí yín," ó wí. "Mo bínú sí Dádì. Mo bínú sí Grandma. Mi ò mọ ẹni tí mo bínú sí jù."

"Ó tọ́ sí ẹ."

"Mo ka ìwé náà tán. Mo fẹ́ kí Ọmọ́dára padà wọlé. Ìyẹn náà ń bí mi nínú." Ó wá yọ bébà kan jáde. "Ẹyẹ wo lèyí? Ó jọ ewúrẹ́."

Mo ní lékeléke ni. A rẹ́rìn-ín, ó sì fi orí lé mi léjìká. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wúwo. Mi ò mira.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá.

Adéjàre wá, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àgbàlagbà méjì láti Ìnísà. Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé oògùn ti dá, pé ọ̀tá ti tì, kí ìyàwó máa bọ̀ nílé ọkọ rẹ̀.

Màmá ló dá a lẹ́nu. "Ẹ jọ̀wọ́, oògùn kọ́. Irọ́ tèmi ni. Ó lọ, ó sì padà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n náà tún fìlà orí rẹ̀ ṣe. Adéjàre wò mí. "Ṣé o máa bọ̀?"

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo ní, "Mi ò ní í bá ìgbìmọ̀ padà, sà. Bí ẹ bá ń fẹ́ mi, ẹ wá fẹ́ mi. Ẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀yin nìkan, ká jọ sọ̀rọ̀. Mi ò ṣèlérí nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú ìsọkúsọ wo nìyí. Wọ́n bínú lọ. Adéjàre ló jáde kẹ́yìn, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kọkànlá.

Ọyẹ́ ti ń yọjú. Mo sọ fún ara mi pé mi ò retí ẹnikẹ́ni, mo sì wé gèlè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní agogo mẹ́rin, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Dùnsìn ṣáájú mi débẹ̀, ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ fẹ́ rí?"

Mo gbọ́ tí Adéjàre wúkọ́, tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí, Ìyá Dùnsìn ló ń pè mí, nígbà tó bá pè mí rárá.

"Mo fẹ́ rí Jọláyẹmí," ni ó wí.